Ta Ló Kọ́kọ́ Dé Àbíján?

Bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Masifa láìmú igi dání, ẹ bi àwọn àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ta ló kọ́kọ́ dé Àbíján nínú àwọn ará wa. Ilé kan á ní baba ńlá àwọn ni, ọdẹ tó tọpa erin títí tó fi já sí etí òkun. Ilé kejì á ní irọ́ funfun báláú, pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó sá fún owó orí ni, tí kò dúró títí ó fi dé ibi tí wọn ò ti gbọ́ orúkọ ajẹ́lẹ̀ rí. Ilé kẹta á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní àwọn méjèèjì bá baba àwọn níbẹ̀ ni, ó ti ń ta obì, ó ti fẹ́yàwó, ó tiẹ̀ ti mọ ọlọ́pàá tó ń gba rìbá àti èyí tí kì í gbà.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Treichville ni wọ́n bí mi sí, ní Àbíján, níbi tí bàbá àti ìyá mi ti ń ṣòwò. Wọ́n gbé mi wá sí Masifa nígbà tí mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ìyá bàbá mi lè kọ́ mi bí ọmọ Yorùbá ṣe ń kúnlẹ̀. Faransé tí mo gbé bọ̀ lẹ́nu ló wá di iṣẹ́ mi. Mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọn ò sì yé pè mí ní Màdáàmù di òní. Ẹni tó bá ti ní ilé méjì báyìí, "níbo lo ti wá?" kì í ṣe ìkíni lásán létí rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wo bí àwọn ará ilé mi ṣe ń dá a lóhùn, ohun tí mo sì rí kò ju ẹyọ kan lọ: ìtàn ibi tí èèyàn ti wá, ẹni tó ń béèrè ló máa ń gé e sí ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọjọ́ orí ìlú náà yẹ àwọn onítàn wa wò. Ní 1900, kò sí ìlú ńlá kankan tó ń jẹ́ Àbíján. Abúlé àwọn apẹja Ébrié ló wà létí ọ̀sà. Grand-Bassam làwọn Faransé fi ṣe olú-ìlú ní 1893. Ibà pọ́njú jà níbẹ̀ ní 1899, ó pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó, àwọn tó kù bá kó lọ sí Bingerville. Ọdún 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Àbíján wọnú igbó. Ó dé Bouaké ní 1912. Ó di 1934 kí wọ́n tó fi Àbíján ṣe olú-ìlú. Treichville tí gbogbo ilé fi ń búra yìí gan-an, Anoumabo ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti ta afárá tó léfòó sórí omi ní 1931, láti so ó mọ́ àdúgbò àwọn òyìnbó ní Plateau, ni wọ́n tó wá fi orúkọ Treich-Laplène pè é, ọmọ Faransé kan tó ti kú láti 1890. Nítorí náà, baba tó bá sọ̀ sí "Treichville" ní 1905, wòlíì ni baba náà.

Mo sọ èyí fún bàbá àgbà kan nílé wa. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé ìwọ wà níbẹ̀ ni?" Mo ní rárá, Bàbá. Ó ní, "Èmi náà ò sí níbẹ̀. Ọwọ́ wa dọ́gba."

Síbẹ̀, mi ò da ìtàn wọn nù. Ọdún lè má bára mu kí ìdí ìrìn-àjò sì jẹ́ òótọ́. Ẹ wo ìtàn ẹni tó sá fún owó orí. Èjìgbò tí Masifa wà lábẹ́ rẹ̀ kò jìnnà síbì kan: bíi kìlómítà 24 sí Ẹdẹ, 30 sí Ògbómọ̀ṣọ́, Òṣogbo náà kò sì jìnnà. Ẹnu ààlà igbó àti ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Iṣu máa ń ta níbẹ̀, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ máa ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n owó kòkó tó kọ́ ilé alájà sí Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ kò ya ọ̀dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1918, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó orí wọ agbègbè Ọ̀yọ́, owó orí kò sì gba iṣu. Owó ẹyọ òyìnbó ni wọ́n fẹ́. Ẹni tí kò ní kòkó, tí ọkọ̀ ojú irin sì ń fọn fèrè nítòsí rẹ̀, kí ni yóò jókòó ṣe?

Ìtàn ẹni tó ń ta obì náà ní ìdí tirẹ̀. Kí àwọn èèyàn wa tó mọ Côte d'Ivoire dunjú, Gold Coast ni wọ́n mọ̀. Láti 1903 ni ojú irin ti so Sekondi etí òkun mọ́ Kumasi. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Inísà àti Èjìgbò tàn dé Kumasi, wọ́n tàn dé Tamale lókè lọ́hùn-ún. Ohun tí ìyá bàbá mi máa ń sọ ni pé nígbà tí tiwa fi máa dé, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ìsọ̀ iwájú lọ́jà. Ẹni tó bá kẹ́yìn dé ọjà a máa rìn síwájú díẹ̀ sí i. Síwájú díẹ̀ sí i láti Gold Coast, Côte d'Ivoire ni. Bí wọ́n ṣe ya ibẹ̀ nìyẹn o, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kì í ṣe ní ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú? Ibi ìsìnkú ń fẹ́ ọdẹ àti erin.

Ká má bá wọn wí jù, ìlú tí gbogbo wa ti jáde náà, ìtàn ìrìn-àjò ló fi bẹ̀rẹ̀. Akínjọlé ló tẹ Èjìgbò dó, láti Ilé-Ifẹ̀. Òun náà ni wọ́n sọ di òrìṣà, Òrìṣà Ògìyán, òrìṣà funfun tó fẹ́ràn iyán ju ohunkóhun lọ, tí ọba wa fi ń jẹ́ Ògìyán títí di òní. Nínú ìtàn náà, babaláwo kan tó ń jẹ́ Awoléjẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ó sọ ohun tí Akínjọlé máa fi rúbọ kí ìlú lè tóbi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà dé, ìlú ti tóbi lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti di ọba. Ó dé ẹnu ibodè, ó béèrè ọba pẹ̀lú orúkọ àpárá tí wọ́n jọ ń pera wọn látijọ́, ó pè é ní ajẹyán. Àwọn oníbodè ní ta nìyí? Wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún méje ni òjò kò fi rọ̀, tí àgàn kò fi bímọ. Ìgbà tí wọ́n tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí àwọn ará ìlú máa na ara wọn láti fi ṣe ètùtù. Ìdí nìyẹn tí Òkè Màpó àti Ìsàlẹ̀ Òṣólò fi máa ń kojú ara wọn pẹ̀lú pàṣán atòrì nígbà ọdún Ògìyán.

Ẹ má ṣe kọjá lórí ìtàn yẹn kíákíá. Ẹni tó ran ìlú lọ́wọ́ láti dàgbà padà wálé, oníbodè kò mọ̀ ọ́n, wọ́n bi í níbi tó ti wá, ìdáhùn rẹ̀ kò bá wọn lára mu, wọ́n nà án. Gbogbo ará Masifa tó bá ti kọjá ní ibodè Noé, láàárín Ghana àti Côte d'Ivoire, lálẹ́, mọ bí ó ṣe rí lára Awoléjẹ.

Ìtàn yìí kan náà ti sọdá òkun ṣáájú gbogbo wa. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá gbé e dé Bahia ní Bùràsílì. Nínú àwọn ilé Candomblé níbẹ̀, Oxaguiã ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ́ jagunjagun tó wọ funfun, wọ́n sì ń ṣe ọdún odó fún un, níbi tí iṣu ti jẹ́ oúnjẹ àjùmọ̀jẹ, tí wọ́n sì ń fi igi fọwọ́ kan ara wọn léjìká jẹ́jẹ́ dípò nínà. Ọmọ Faransé kan, Pierre Verger, tó di Fátúmbí nígbà tó gba Ifá ní Kétu ní 1953, ló kọ ìtàn Awoléjẹ sílẹ̀ ní Èjìgbò tó sì fi wé ti Bahia. Ṣé ẹ rí i pé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bi níbi tí wọ́n ti wá, tí wọ́n kàn kọ iye owó sí lára, ni wọ́n gbé orúkọ ọba wa dání láìgbàgbé?

Treichville tí mo mọ̀ kò ní ọdẹ kankan nínú. Ṣọ́ọ̀bù ìyá mi wà nítòsí ọjà: abọ́ tánńganran, àbẹ́là, ọṣẹ, tòmátò alágolo, bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti òwú. Àwọn ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Masifa tàbí Isoko ìtòsí wa dé máa ń sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í gba owó oṣù. Àtẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé lórí, wọ́n á máa kiri àdúgbò títí Faransé á fi yọ́ lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún wọn ní tábìlì, lẹ́yìn tábìlì, kọ́ńténà kékeré. Nígbà tí ọdún bá pé, ọ̀gá á dá wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà, àwọn náà á kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi àbúrò kan ránṣẹ́. Kò sí báǹkì tó mọ̀ wá nígbà náà. Àjọ ni báǹkì wa, ìyá kan tó ń gbé ìdí rẹ̀ kò mọ ìwé kọ, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó yá a. Wọ́n la èbúté ńlá sí Àbíján lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ ipadò Vridi ní 1950, ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé bí òjò. Owó tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí ẹ rí ní Masifa àti Èjìgbò, inú àtẹ àti tábìlì wọ̀nyẹn ló ti jáde. Sẹ́fà là ń pè é, kì í ṣe náírà.

Anàgó làwọn ará ibẹ̀ ń pè wá, gbogbo Yorùbá pátá, bó ti wù kó jẹ́ pé ọ̀nà Ìpókíá àti Porto-Novo ni Anàgó gan-an wà. Bàbá mi kò bá wọn jiyàn rí. Fún ọlọ́pàá, Anàgó ni. Fún akọ̀wé ìjọba, Nigérian. Fún ará Ìlọrin tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ Èjìgbò. Fún ará Èjìgbò, ọmọ Masifa ni, kí wọ́n má sì ṣe pè é ní Èjìgbò mọ́. Tó bá dé Masifa fúnra rẹ̀, wọ́n á ní ará Àbíján dé.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń dáhùn báyìí. Láìpẹ́ yìí ni ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní Amẹ́ríkà, sọ fún mi nípa àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Melungeon. Ó ní aláìsàn kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní irun dúdú sọ fún òun pé ó ṣeé ṣe kí àwọn jẹ́ ìbátan. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo wá ìwé kà nípa wọn, ìwé náà kò sì jẹ́ kí n sùn bọ̀rọ̀.

Orí òkè kan tó ń jẹ́ Newman's Ridge, ní Hancock County, ni ibùdó wọn tó gbajúmọ̀ jù. Collins, Gibson, Goins, Mullins, Bunch ni orúkọ ìdílé wọn. Àwọ̀ ara wọn kò funfun tó láti tẹ́ aládùúgbò wọn lọ́rùn, kò sì dúdú tó láti sọ wọ́n di ẹrú. Àkọsílẹ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Stony Creek, Virginia, ti dárúkọ wọn ní 1813. Bí wọ́n bá bi wọ́n níbi tí wọ́n ti wá, "Potogí" ni wọ́n máa ń sọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹkọ̀wé tún fi tiwọn kún un: àwọn atukọ̀ Tọ́kì tí ọkọ̀ wọn rì, ọmọ Júù tó sọnù, àwọn Òyìnbó tó pòórá ní Roanoke. Ní àwọn ọdún 1870, lọ́yà kan ní Tennessee, Lewis Shepherd, dúró níwájú kóòtù, ó ní láti Carthage àtijọ́ ni wọ́n ti ṣẹ̀, wọ́n gba Potogí kọjá wá sí Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ogún ni ẹjọ́ náà dá lé. Ọmọbìnrin kan ń béèrè ogún bàbá rẹ̀ aláwọ̀ funfun, àwọn ìbátan bàbá ní ìyá rẹ̀ dúdú, ìgbéyàwó náà kò bófin mu. Carthage gba ilẹ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò bá ọmọ náà jà pé kó pa Carthage tì?

Bí ẹ bá wo òfin ìgbà náà, ẹ ó rí iṣẹ́ tí Potogí ń ṣe. Ní 1834, Tennessee yí ìwé òfin rẹ̀ padà, ó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira. Ní àárín àwọn ọdún 1840, wọ́n gbé àwọn ọkùnrin kan nínú wọn lọ sí kóòtù ní Hawkins County nítorí pé wọ́n dìbò, wọ́n jàre. Ní 1924, Virginia tún ṣe òfin pé ẹ̀jẹ̀ dúdú bó ti wù kó kéré mọ, dúdú ni onítọ̀hún. Akọ̀wé tó ń ṣọ́ ìwé ìbí níbẹ̀, Walter Plecker, kó orúkọ àwọn ìdílé jọ, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1943 pé kí wọ́n máa ṣọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ báyìí, ṣé yóò jáde pé baba ńlá òun ti Áfíríkà wá?

Ní 2012 ni Roberta Estes, Jack Goins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì àyẹ̀wò DNA àwọn ìdílé náà jáde. Goins fúnra rẹ̀, ọmọ ọ̀kan nínú ìdílé wọ̀nyẹn ni. Lọ́nà baba, púpọ̀ nínú wọn já sí Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà. Lọ́nà ìyá, Yúróòpù. Ìdáhùn náà sì bá ìwé òfin mu. Láti 1662, òfin Virginia ti sọ pé ipò ìyá ni ọmọ ń jogún. Ọmọ tí ọkùnrin dúdú bí fún obìnrin funfun kì í ṣe ẹrú. Ìdílé bẹ́ẹ̀ lè ra ilẹ̀, lè ṣí lọ sí òkè, lè máa fẹ́ra wọn láti ìran dé ìran. Mo tiẹ̀ rò pé Potogí kì í ṣe irọ́ tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé Virginia láti 1619, Àǹgólà ni wọ́n ti kó wọn, nínú ọkọ̀ Potogí, lábẹ́ ọba Potogí, wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún àwọn kan. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ní tipátipá lè mú èyí tó bọ́gbọ́n mu nínú òótọ́ rẹ̀, kó fi ìyókù sápò.

Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé ìṣọ́ra náà pẹ́ jù. Nígbà tí òfin kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ ti gba àlọ́ baba wọn gbọ́. Àwa ò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n a ti sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan.

Ní 18 November 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ọdún yẹn ka ọjọ́ orí ọmọ ní Masifa. Àwọn ìdílé tó ti pẹ́ ní Kumasi dé pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, àwọn kan kò sì ju pé wọ́n mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó gbéra lọ sí Àbíján. Ààrẹ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire ń fẹ́ òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò nígbà náà, ìbéèrè níbo lo ti wá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ó wá le. Ní 1972, wọ́n tún òfin jíjẹ́ ọmọ ìlú ṣe, tó fi jẹ́ pé bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ àlejò, ọmọ tí wọ́n bí sí Treichville, àlejò ni. Ní 1990, ìwé àṣẹ ìgbélùú dé, ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ nígbà tí ọlọ́pàá bá dá a dúró á sọkún. Ní January 1994, wọ́n gé agbára sẹ́fà sí ìdajì, owó ilé tí bàbá mi ti ń tọ́jú di owó òrùlé nìkan. Nígbà tí ìkànìyàn 1998 fi sọ pé àlejò tó ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn olóṣèlú Ààrẹ Bédié ti ń kọrin ivoirité láti ìgbà díẹ̀, pé ta ni ọmọ ìlú gidi, ta ni kì í ṣe.

Ìgbà yẹn ni mo rí i tí àwọn ará ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Potogí tiwọn. Ìbátan mi kan sọ ọmọ rẹ̀ ní Kouassi, orúkọ àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Òmíràn ń sọ fún aládùúgbò pé ẹ̀yà Agni ni ìyá ìyá òun, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀ o, ìgbéyàwó ti pọ̀ láàárín wa. Àmọ́ kí ivoirité tó dé, a ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ìtàn ọdẹ àti erin náà tún lágbára sí i. Ní Masifa, ó jẹ́ ìyìn. Ní Àbíján, ẹ̀rí ni, pé kí ìlú náà tó wà, a ti wà níbẹ̀.

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 19 September 2002, ó rọlẹ̀, ó tún bú sókè lẹ́yìn ìdìbò 2010, títí wọ́n fi mú Ààrẹ Gbagbo ní 11 April 2011. Ọkọ̀ láti Àbíján kò yé dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ tí kò fojú kan Èjìgbò rí ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé. Nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Faransé mọ Faransé jù mí lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro wọn. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ń ka wọ́n sí olódo nítorí pé wọn ò dáhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n bi wọ́n ní ìbéèrè ìṣirò rẹ̀ ní Faransé, kíláàsì sì di ariwo. Yorùbá tiwọn ni ti ìyá àgbà, èyí tí wọ́n mú kúrò nílé láti ayé ọjọ́un. Wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gbé nílé kò gbọ́ mọ́.

Wọ́n fagi lé ìwé ìgbélùú fún ọmọ ECOWAS ní 2007, ojú sì ti là. Ọ̀pọ̀ ti padà lọ. Ọkọ̀ Àbíján ń gbéra ní Èjìgbò, yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, Accra àti Elubo, bíi ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Èkó nìkan, ibodè tó wà lójú ọ̀nà kò sì níye lójú ẹni tó ń san owó níbẹ̀. Sẹ́fà ń ná lọ́jà wa. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ Côte d'Ivoire tí UNESCO kọ mọ́ àjogúnbá àṣà tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2024, àwọn ìyá tó padà bọ̀ ti ń fi ẹ̀gẹ́ tiwa ṣe é tipẹ́ láìdúró de UNESCO.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Àbíján lọ́dún tó kọjá, ó fẹ́ wọ yunifásítì. Nàìjíríà náà ní oníbodè tirẹ̀: wọ́n ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìjọba ìbílẹ̀. A kọ́kọ́ lọ bá baálé. Baálé bi í ní agboolé, ó sọ ọ́. Ó ní kó ki oríkì ìdílé. Ìyá rẹ̀ ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọmọ náà ti há a sórí, ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń há "r" lọ́fun bí ọmọ Faransé. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ó tún wá fi ìtàn erin lé e, bẹ́ẹ̀ a ò béèrè.

Ní ọ́fíìsì, ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó kọ Koumassi, Àbíján, síbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí wọ́n bí i sí, ó wá ń wo ojú mi bóyá kó pa á rẹ́, kó kọ Masifa. Mo ní kó fi sílẹ̀. Akọ̀wé gba fọ́ọ̀mù náà, ó kà á dé ìlà yẹn, ó dúró. Adjamé, ní Àbíján kan náà, ni wọ́n bí òun náà sí. Ó fi Faransé bi í pé Koumassi apá ibo, ṣé ìtòsí ọjà ni.